Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, àmì-ẹ̀yẹ oríṣiríṣi: ta ni kí n tẹ̀ lé?

Ọmọ_Odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí màá ṣe PhD lábẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí ìtọ́jú omi ìdọ̀tí. Ó ku ẹni mẹ́ta. Ẹnì kan wà nínú NAE, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kejì ti gba Norman Medal, àmì-ẹ̀yẹ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹnì kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, CAREER nìkan ló ní, owó ìwádìí tí NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ń fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tẹ̀ lé ẹni tí àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ lórúkọ jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá_Kọnkéré:
Àbúrò, fi ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀ ná. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta PhD mi, èmi ni mo to fáìlì tí wọ́n fi dárúkọ ọ̀gá mi fún àmì-ẹ̀yẹ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Mò ń lé lẹ́tà kiri lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n kúkú bá òun kọ ọ́, òun á fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́. (Má bi mí pé ta ni.) Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí àmì-ẹ̀yẹ, ohun tí mo máa ń wò ni ẹni tó dárúkọ èèyàn àti iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ fún un.

NAE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, èèyàn kì í fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dárúkọ ẹni, ọmọ ẹgbẹ́ náà ló ń dìbò. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń wò, nítorí náà béèrè bóyá ó ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun.

Norman Medal yàtọ̀ pátápátá. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ni ASCE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé àti ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, ń torí ẹ̀ fúnni, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Karl Terzaghi, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ẹ̀rọ nípa ilẹ̀, gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin! Wá àpilẹ̀kọ yẹn, kí o wo orúkọ tó ṣáájú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọ̀gá tó ń jẹ́ kí ọmọ náà jẹun nìyẹn.

CAREER ló kàn ọ́ jù. Òun kì í ṣe ìyìn fún iṣẹ́ tó ti parí. Olùkọ́ tí kò tíì gba tenure (iṣẹ́ tó dúró títí ní yunifásítì) ló ń kọ àbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e yẹ̀ wò. Bó bá yege, owó ìwádìí ọdún márùn-ún ni, $400,000 ó kéré tán. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti ń san owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́. Wo ọdún tó gbà á: bó bá ti di ọdún mẹ́rin, kí o tó dé ìdajì ọ̀nà, owó ti tán.

Páìpù_Ńlá:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fojú di àwọn ńláńlá. Ní 2018, Bruce Rittmann àti Mark van Loosdrecht jọ gba Stockholm Water Prize nítorí bí wọ́n ṣe ń lo kòkòrò àìfojúrí láti tọ́jú omi ìdọ̀tí. Iṣẹ́ tìẹ gan-an nìyẹn! Ka ìdí tí wọ́n fi fún wọn, wàá mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé. Marc Edwards náà, tó wú ọ̀rọ̀ òjé inú omi Washington, D.C. jáde, gba MacArthur, ẹ̀bùn owó ńlá fún àwọn olóye, ní 2007. Ìyẹn kò tilẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tí èèyàn lè kọ.

Ọmọ_Odò:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo lọ wò ó. Ọdún tó kọjá lẹni CAREER gba tirẹ̀. Ti Norman Medal ńkọ́? Orúkọ mẹ́rin ló wà lórí àpilẹ̀kọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ṣáájú, òun ló sì kẹ́yìn. Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì. Mo kọ sí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà.

Ìyá_Kọnkéré:
Bi akẹ́kọ̀ọ́ yẹn pé ọdún mélòó ló lò kó tó gboyè. Bó bá fèsì, padà wá sọ fún wa.