Bí Mo Ṣe Bá Ìwé Jiyàn Lórí Ìdá Méjì Nínú Mẹ́ta

Ìsọ̀ àdìrẹ ni mo ń jókòó tì ní Ìtòkú, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ náà ni mo sì ti dá kọ́ ara mi ní ìmọ̀ ìṣeéṣe, èyí tí a máa ń pè ní pròbábílítì nígbà tí a wà níléèwé. Ìwé àlòkù kan tí mo rà ní Láfẹ́nwá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo pinnu pé n kò ní ṣí ojú-ewé ìdáhùn àfi bí mo bá ti kọ èsì tèmi sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Orí kìíní, ti owó ẹyọ àti dáìsì lúdò, kò fún mi ní wàhálà.

Ìbéèrè tó dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án dá lórí jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà méjì tí ọmọ ń gbà, ọ̀kan lọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan; SS ni ti ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Òun nìyí: bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, ọmọ wọn ti dàgbà, a sì mọ̀ dájú pé kì í ṣe SS, kí ni ìṣeéṣe pé AS ni ọmọ náà? Mo kọ 1/2, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé AA jẹ́ 1/4, AS jẹ́ 1/2, SS sì jẹ́ 1/4. Ìwé ní 2/3. Mo gbà tọkàntọkàn pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í kọ. Mo fi bírò pa ìdáhùn wọn rẹ́, mo kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló yí mi lọ́kàn padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí oníbàárà wá, mo fi àjákù àdìrẹ rán àpò kékeré méjì, mo sì fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan àti dúdú kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, dúdú ni S. Àpò kan ni bàbá, èkejì ni ìyá. Mo ń dijú mú ọ̀kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó, mo sì ń dá wọn padà. Ìgbà 200 ni mo mú un. Dúdú méjì jáde ní ìgbà 47. Mo fa ilà gba orí gbogbo wọn kọjá, nítorí ìbéèrè ti sọ pé ọmọ náà kì í ṣe SS. Ó ku 153, mo sì bá funfun-kan-dúdú-kan 101 nínú wọn. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ó yé mi: nínú ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba, ìròyìn tí wọ́n fún wa ti mú ọ̀kan kúrò; mẹ́ta péré ló kù tí a ó máa fi pín in, méjì nínú rẹ̀ sì ni AS. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kìíní, n kò rò pé ǹ bá ṣì rántí rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa. AS ni àbúrò mi obìnrin, AS náà ni ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́. Màmá wa àgbà ní kí wọ́n fẹ́ra, pé ẹyọ kan nínú ọmọ mẹ́rin ni fòníkú-fọ̀ladìde ń mú, nítorí náà bí wọ́n bá ti bí mẹ́ta, kí wọ́n dúró. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n oyún kan kò mọ ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé 1/4 tirẹ̀ wá. Mo lọ bá wọn ní Aké, mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé pé kí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ lọ́wọ́ SS jẹ́ 3/4 × 3/4 × 3/4, ìyẹn 27/64, àti pé 37/64 tó ṣẹ́kù ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan yóò jẹ́ SS, èyí tó ju ìlàjì lọ.

Ìṣirò náà kò wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n gba àpò méjèèjì lọ́wọ́ mi, wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ìdílé kan, kò sí dúdú méjì níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún mú un fún ìdílé kejì: dúdú méjì lórí àkọ́bí, dúdú méjì lórí èkejì. Wọn kò mú ẹ̀kẹta. Wọ́n di ẹnu àpò náà, wọ́n sì ní kí n lọ pe àbúrò mi wá.