Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi, agbádá ni àbí sẹ́nétọ̀ fún ìdána?

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Àdó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìdána mi ku Sátidé mẹ́ta, Ìkẹ́rẹ́ la ti máa ṣe é nílé bàbá ìyàwó. Mo ti ra gíní funfun yáàdì mẹ́wàá ní Ọjà Ọba, inú náílọ́ọ̀nù ló ṣì wà, mi ò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀ torí ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ wò ó, mo tín-ín-rín gan-an, agbádá tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú bàbá àgbà wa, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi aṣọ kọ́ igi, mo ń ká a sórí èjìká ó ń já bọ́, mo ń ká a ó ń já bọ́, títí a fi sìnkú tán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n rán sẹ́nétọ̀ tó fún mọ́ra. Bàbá ìyàwó sì rèé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹni tí àyà ẹ̀ ò bá kan ilẹ̀, wọn ò ní dáhùn. Owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́ mi o, mi ò lè ra aṣọ òkè.

Bàbá Onífìlà:
Àbúrò, o kú oríire. Agbádá ni o! Yáàdì mẹ́wàá tó agbádá, bùbá àti ṣòkòtò dáadáa. Èyí tó ń já bọ́ lọ́jọ́sí yẹn, ọrùn ẹ̀ ló fẹ̀ jù. Ní kí wọ́n dín ọrùn kù, kí etí agbádá mọ sí ọrùn ọwọ́, á jókòó sí ẹ lára.

Ọmọ Ìjerò:
Sẹ́nétọ̀ kẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí n tó sùn. Ìdána tèmi, sẹ́nétọ̀ tó fún pinpin ni mo wọ̀, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n wọ̀. Alága ìjókòó ní ká dọ̀bálẹ̀ fáwọn àna, a dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò rí i, ká tún un ṣe. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ fàààà lábẹ́ itan. Mi ò dìde mọ́ o! Àwọn èèyàn rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn, ìyá ìyàwó tiẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló rọra fi fìlà ẹ̀ bò mí nídìí tá a fi rìn dé ẹ̀yìnkùlé.

Ayọ̀ Ìwórókó:
😂😂 Sunkún ayọ̀! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, rẹ gíní yẹn sómi mọ́jú kó o tó gbé e lọ o, kó má lọ sún kì lẹ́yìn tó o bá fọ̀ ọ́.

Télọ̀ Àjílósùn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, gbogbo dídán ẹ̀ á lọ, á wá rí bí aṣọ ìbora. Télọ̀ tó mọṣẹ́ á fi àyè sílẹ̀ nínú ojúrán. Ọ̀la ni kó o gbé e lọ, iṣẹ́ ọ̀nà tó wà láyà agbádá kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣòkòtò ẹ, jẹ́ kó fẹ̀ lábẹ́ itan, o ṣì máa jókòó ti iyán níbẹ̀. Kó o sì dọ̀bálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kó o tó san bálánsì o.

Bàbá Onífìlà:
Télọ̀ ti sọ ọ́. Ti aṣọ òkè, fìlà nìkan ni kó o fi rán. Wá ẹtù, aró ẹ̀ á yọ lórí funfun yẹn dáadáa. Ṣí i kó o tó dọ̀bálẹ̀ o, fún ọ̀rẹ́ ẹ mú. Bàtà pámù ni kó o wọ̀, kó má di pé o ń tú okùn bàtà níwájú àna.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Àdó:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá. Mo ti gbé e lọ, mo sì dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá kan tó wá gba bùbá ẹ̀ ní "ẹ dárí jì í, ọmọdé ló ń ṣe é." Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ míì tún dé o. Ìyàwó pè mí nísinsìnyí, ó ní bàbá àwọn náà ti rán agbádá tiwọn. Gíní funfun. Fìlà ẹtù.