Judi Dench àti ojú tó ń ṣe bàìbàì: ṣé òṣèré lè máa bá iṣẹ́ lọ?

Olùdarí eré, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé wa tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì débi pé wọn kò lè ka ìwé eré mọ́, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ìtàgé sílẹ̀. Mo gbọ́ pé irú rẹ̀ ṣe Judi Dench, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì torí rẹ̀ tètè ṣíwọ́. Báwo ló ṣe rí i ṣe?

Olùkọ́ lítíréṣọ̀, Oǹdó:
Òótọ́ ni, sà. Ìlú York ni wọ́n ti bí i ní 1934, ipa Ophelia nínú Hamlet, eré Shakespeare, ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré Old Vic ní 1957. Ní 2012 ló sọ fáyé gbọ́ pé àrùn ojú tó máa ń ṣe àwọn àgbàlagbà, èyí tó máa ń ba ìríran àárín ojú jẹ́, ti mú òun, àti pé ọmọ òun obìnrin, aṣojú òun tàbí ọ̀rẹ́ kan ló ń ka eré sí òun létí bí ẹni ń pìtàn. Síbẹ̀, ní 2015, ó ṣe Paulina nínú The Winter's Tale, eré Shakespeare mìíràn, ní gbọ̀ngàn Garrick ní Lọ́ńdọ̀nù, ipa tí àwíyé pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, ó sì gba Olivier, àmì ẹ̀yẹ eré ìtàgé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kẹjọ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyá náà lọ rárá.

Òṣèré tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó:
Obìnrin yìí ti ṣeré ní Nàìjíríà wa rí. Ní 1963, nígbà tí ẹgbẹ́ Nottingham Playhouse rìnrìn àjò wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ló ṣe Lady Macbeth nínú Macbeth, eré Shakespeare. Ó tún ipa kan náà ṣe ní 1976 pẹ̀lú òṣèré Ian McKellen, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìlú Stratford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn onítíátà kò tíì dẹ́kun sísọ títí dòní. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé ipa tí ènìyàn bá ti gbé rí kì í tètè kúrò lára. Ẹ kọ́kọ́ fún ìyá ní ipa tí wọ́n ti mọ̀ kí ojú tó dùn wọ́n. Ní tèmi o, àtẹ̀gùn ìtàgé àti iná tó ń pa lójijì léwu fún wọn ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa há sórí lọ, nítorí náà ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa mú wọn wọlé, tí yóò sì máa mú wọn jáde.

Olùdarí eré, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ẹ ṣeun, mà. Màá bẹ ọmọ wọn tó wà nílé kó máa ka eré náà fún wọn ní alaalẹ́, a ó sì fi iná ìtàgé sílẹ̀ ní títàn títí wọn yóò fi jókòó.