Olùtajà mẹ́ta, iye owó mẹ́ta: ọ̀dà wo ló wọ́n jù gan-an fún irin tí a ò fẹ́ kó dípẹtà?

OníIrinGíga béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Irin ìkọ́lé kan wà nílẹ̀ tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ 2,400 mítà onígun mẹ́rin. Ìta gbangba ló wà, etí òkun ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ni ín fẹ́ kó lo ọdún 15, ó kéré tán, kí wọ́n tó tún un kùn lódindi.

Olùtajà mẹ́ta ti fi iye owó ránṣẹ́, lítà-lítà ni gbogbo wọn sì kọ ọ́. Tí a bá pe lítà ọ̀dà àárín (èyí tó wà láàárín primer, ìyẹn ọ̀dà ìsàlẹ̀, àti ọ̀dà òkè) ti kìíní ní 100, ti èkejì jẹ́ 150. Data sheet (ìwé àlàyé ọjà) ti kìíní sọ pé volume solids rẹ̀ (ìpín ọ̀dà tó ń ṣẹ́ kù tó bá gbẹ) jẹ́ 50%, ti èkejì 80%. Ẹ̀kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì, àmọ́ ó ní ìpele méjì péré ti tó, 160 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà ni ọ̀kan) lápapọ̀, pé "primer oní-zinc" tòun lágbára ju tàwọn tó kù. Ẹni tó ń sanwó ti ń wo ti kìíní torí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Kí ni kí n yẹ̀ wò ká tó fọwọ́ sí nǹkan kan?

Olùṣirò fèsì:

Ẹ má fi lítà wé lítà. Ohun tó ń dáàbò bo irin ni èyí tó ṣẹ́ kù sára rẹ̀ lẹ́yìn tí tínà (ohun olómi tó ń mú ọ̀dà ṣàn) bá ti fẹ́ lọ, òun ni wọ́n ń pè ní volume solids. Nínú ọ̀dà oní-50%, ìdajì ohun tí ẹ rà ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ mú volume solids, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, kí ẹ fi iye máíkírọ́ọ̀nù gbígbẹ tí ẹ fẹ́ pín in. Ohun tó bá jáde ni iye mítà onígun mẹ́rin tí lítà kan máa kùn. Ká ní ọ̀dà àárín yín máa jẹ́ 140 máíkírọ́ọ̀nù. Ti kìíní: 500 pín sí ọ̀nà 140, ó lé díẹ̀ ní mítà 3.5, nítorí náà 2,400 mítà yẹn á gba lítà 672. Ti èkejì: 800 pín sí ọ̀nà 140, ó tó mítà 5.7, lítà 420 ló sì máa gbà. Ẹ wá fi owó sí i. 672 lọ́nà 100 jẹ́ 67,200. 420 lọ́nà 150 jẹ́ 63,000. Èyí tí ẹ̀ ń pè ní ọ̀wọ́n ló dínwó yẹn.

Orí ìwé nìyẹn ṣì wà o. Ọ̀dà tí ẹ bá ń fín, afẹ́fẹ́ á gbé nínú rẹ̀, òmíràn á kù sínú páìpù àti agolo, ojú irin tó rí ṣákaṣàka lẹ́yìn blasting (fífi afẹ́fẹ́ fín iyanrìn mọ́ irin láti fọ̀ ọ́) náà á mu tirẹ̀. Ká ní 30% ló ṣòfò, ẹ fi 0.7 pín iye lítà méjèèjì: kìíní di 960, èkejì di 600. Àlàfo owó tún fẹ̀ sí i.

Ẹ tún wo bó ṣe máa rí nígbà tó bá ṣì tutù. Kí ọ̀dà kìíní tó gbẹ sí 140, ẹ ní láti fín in dé 280 máíkírọ́ọ̀nù tútù. Èkejì ò ju 175 lọ. Bí pẹ́ńtà bá tún da tínà 10% sí kìíní, ó di 308. Ọ̀dà tútù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lè ṣàn wálẹ̀ lára òpó, tàbí kí ojú rẹ̀ gbẹ kí tínà há sísàlẹ̀, kó sì máa rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa fín in nìyẹn, ẹ ó sì san owó iṣẹ́ àfikún ọjọ́.

AyẹIrinWò fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹ̀kẹta, torí òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. ISO 12944, ìlànà àgbáyé fún ọ̀dà tó ń dáàbò bo irin, pín àyíká láti C1 dé C5 gẹ́gẹ́ bó ṣe ń mú irin dípẹtà tó, CX sì wà lókè wọn fún ojú òkun gan-an àti ibi tó le jù. Bí iyọ̀ òkun bá ń dé ibẹ̀ dáadáa, C5 ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Ọdún 15 sí 25 ni wọ́n ń pè ní "high". Fún C5 high, tí primer bá jẹ́ zinc-rich, ohun tí ìlànà náà gbé kalẹ̀ ni 260 máíkírọ́ọ̀nù lápapọ̀, bíi zinc-rich epoxy 60 nísàlẹ̀, epoxy 140 láàárín, polyurethane 60 lókè. 160 ò súnmọ́ ọn rárá. Kí ẹ sì máa rántí pé ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ pé iye ọdún yìí kì í ṣe ìdánilójú olùtajà. Ó kàn jẹ́ ohun tí onírin á fi ṣètò ìgbà tó máa tún un kùn.

Ọ̀rọ̀ "oní-zinc" náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Primer zinc-rich gbọ́dọ̀ ní lúbúlúbú zinc tó tó 80%, ó kéré tán, nínú ìwọ̀n wíwúwo ohun tó bá gbẹ sára irin. Wọ́n lè ta zinc phosphate fún yín lábẹ́ orúkọ yìí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Zinc-rich máa ń jẹrà dípò irin níbi tí ọ̀dà bá ti bó, zinc phosphate ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Data sheet á sọ ọ́, àmọ́ ọwọ́ pàápàá á fi hàn: lítà kan zinc-rich ju kílò 2 lọ dáadáa, ti zinc phosphate sábà máa ń wà ní kílò 1.3 sí 1.5.

Ẹ ní kó fún yín ní èsì àyẹ̀wò ISO 12944-6 fún gbogbo ìpele pa pọ̀, kì í ṣe fún primer nìkan. Fún C5 high, wákàtí 1,440 nínú omi iyọ̀ tí wọ́n ń fín wà lára àyẹ̀wò náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ wákàtí yẹn di ọdún fún yín, ẹ má gbà á. Kò sí ìṣirò tó ń ṣe ìyẹn.

ÀgbàBlasting fèsì:

Ìṣirò Olùṣirò pé, àmọ́ kì í ṣe inú agolo lowó ti ń jò. Nínú iṣẹ́ báyìí, owó blasting, scaffold àti òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń ju ti ọ̀dà lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe bó ṣe máa fọ irin náà kí ẹ tó jà lórí lítà.

Zinc-rich fẹ́ Sa 2½, ìyẹn kí blasting mú irin mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí ni pé zinc gbọ́dọ̀ fara kan irin gan-an kó tó lè dáàbò bò ó; ìpẹtà tó bá kù láàárín wọn ti gé ìdè yẹn. Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti ẹ̀rọ ọwọ́ nìkan ni agbaṣẹ́ṣe ní, ẹ má ṣòfò owó lórí zinc rárá. Ẹ ra epoxy mastic tó lè fara da ojú irin tí kò mọ́ tán, kí ẹ sì gbà pé ọdún rẹ̀ á dín.

Torí òkun yẹn, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ irin kí blasting tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi Bresle (alẹ̀mọ́ kékeré tí wọ́n fi ń gba iyọ̀ ojú irin fún àyẹ̀wò) wọn iyọ̀ tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ò lè rí iyọ̀. Tí ẹ bá kun ọ̀dà lé e, á máa fa omi gba inú ọ̀dà wọlé, ojú rẹ̀ á sì lé ròrò. Irin gbọ́dọ̀ fi 3 °C, ó kéré tán, gbóná ju ìwọ̀n ooru tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kọjá 85%, kí wọ́n dúró.

Etí irin ni ìpẹtà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀dà tútù máa ń sá kúrò létí bó ṣe ń gbẹ. Kí wọ́n lọ etí mímú kó rí roboto, nǹkan bíi mílímítà 2, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí, ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ àti àwọn bóòtù kí wọ́n tó fín ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní ṣe é.

OníIrinGíga:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ti ẹ̀kẹta ti kúrò. Agbaṣẹ́ṣe ní ká yọ polyurethane, ká fi epoxy dí 260 náà, pé epoxy le jù ú lọ. Ṣé òótọ́ ni? Olùtajà kejì sì ní iye òun ò lè dúró ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ.

AyẹIrinWò fèsì:

Nínú ilé, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Níta, rárá. Oòrùn máa ń jẹ ojú epoxy, á yọ lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun, àwọ̀ á ṣá, bó sì ṣe ń fọ̀ dànù lọ̀dà ń fẹ́lẹ́ sí i. Polyurethane ló ń gba oòrùn dúró. Ohun kan ṣoṣo ni pé hardener rẹ̀ (apá kejì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le) kórìíra omi: tí ìrì tàbí òjò bá bá a kó tó gbẹ, dídán rẹ̀ á lọ, afẹ́fẹ́ kéékèèké á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún wo iye ọjọ́ tó pọ̀ jù tí data sheet gbà láàárín epoxy àti polyurethane. Tó bá ti kọjá, kí wọ́n ha ojú epoxy kí wọ́n tó kun èyí tó kàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bó bí èèpo.

Olùṣirò fèsì:

Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè. Zinc ló pọ̀ jù nínú agolo primer yẹn, owó zinc sì ń lọ sókè-sódò lójoojúmọ́ lọ́jà London Metal Exchange. Epoxy wá láti ara epo rọ̀bì, títéníọ́mù tó ń fún ọ̀dà ní funfun náà ní ọjà tirẹ̀. Ẹ ní kó kọ iye owó primer, ọ̀dà àárín àti tòkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè jẹ́ pé tí zinc bá gbówó lórí, primer nìkan ló máa yí padà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo déètì tí wọ́n ṣe ọ̀dà náà lára agolo, àti ti hardener lọ́tọ̀. Ẹ̀dínwó òjijì sábà máa ń jẹ́ ọjà tó ku oṣù díẹ̀ kó kọjá àkókò. Ẹ má ra base (apá kìíní ọ̀dà náà) lọ́wọ́ ẹnì kan kẹ́ ẹ ra hardener rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tí wọ́n bá sì ń fún yín ní ìwé ìdánilójú, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn á fún yín ní ọ̀dà tuntun tí ti àkọ́kọ́ bá bó, owó scaffold àti blasting á sì wà lọ́rùn yín.