Tíátà àti mùsíọ́mù l'Ékòó, ibo la máa kọ́kọ́ yà?

ỌmọÌlọrin: Ẹ kú ilé o. Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ l'Ékòó ní wíkẹ́ńdì, a fẹ́ wo tíátà ká sì dé mùsíọ́mù, àmọ́ a ò fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ jẹ gbogbo àsìkò wa. Ibo ló dáa?

ÌyáÌbejì_Èkó: Oníkàn jàre. Mùsíọ́mù ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957 wà ńbẹ̀, mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala sí ní 1976 ṣì wà ńbẹ̀ tòun ti ihò ọta lára ẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá wò ó. John Randle Centre tí wọ́n kó àṣà Yorùbá sí ò jìnnà síbẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín.

Bọ̀dé: Tíátà ńkọ́? Terra Kulture ní Victoria Island ni, ẹ kọ́kọ́ yẹ Instagram wọn wò o, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣeré. Freedom Park náà wà, ọgbà ẹ̀wọ̀n òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe ńbẹ̀ báyìí.

ỌmọÌlọrin: Ẹ ṣé gan-an. Madam ti ní mọ́tò yẹn lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí.

ÌyáÌbejì_Èkó: Kí wọ́n má wọ bàtà gíga o!