Kí ló ń sọ iṣẹ́ di "green job", kí ló sì yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n ṣe?

OníWáyà:
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Iṣẹ́ wáyà ni mo kọ́, mo sì ń tún amúlétutù ṣe mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, green job ṣáá ni wọ́n ń pariwo, ìyẹn iṣẹ́ tó ń ṣe àyíká lóore, wọ́n ní ibẹ̀ ni ayé ń lọ. Mo wá jókòó wo àwọn ìpolówó iṣẹ́ yẹn o, ọ̀kan ń wá "sustainability officer", ẹni tó máa rí sí i pé ilé iṣẹ́ ò ba àyíká jẹ́, òmíràn ń wá ẹni tó máa gbin igi, èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ti dírẹ́bà tí wọ́n kọ green síwájú ẹ̀ torí pé ike tí wọ́n ti lò ló máa máa kó. Ṣé orúkọ ló ń sọ ọ́ di green ni àbí ohun téèyàn ń ṣe níbẹ̀? Èmi tí mi ò ka ìwé kankan nípa àyíká ní yunifásítì ńkọ́, ṣé àyè wà fún mi?

Àǹtí HR:
Àbúrò mi, má wo orúkọ rárá jàre. Kò sẹ́ni tí ò lè lẹ green mọ́ iṣẹ́ tó bá wù ú. Èmi tí mò ń bá wọn gbani síṣẹ́, ohun méjì ni mo máa ń wò: ṣé ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn ń ṣe jáde ló ń ṣe àyíká lóore, bí iná sólà tàbí ike tí wọ́n tún yọ́, àbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe kí iná tí wọ́n ń jó àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà nù lè dín kù, ì báà jẹ́ ọṣẹ lásán ni wọ́n ń ṣe. Dírẹ́bà tó pa ẹ́ lẹ́rìn-ín yẹn wọlé o! Ní 2012 àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà bi àwọn tó ń ka òṣìṣẹ́ fún ìjọba wọn pé ṣé ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì sólà náà ń ṣe green job, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kejì ẹ̀ tí wọ́n gé owó wọn, wọ́n pa kíkà yẹn tì.

Ní tìẹ, wọ́n ní àkójọ iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ O*NET, wọ́n pín in sí mẹ́ta níbẹ̀: iṣẹ́ tí ò yí padà àmọ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣẹ́ àtijọ́ tó ń fẹ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀, àti iṣẹ́ tuntun pátápátá. Ìkejì yẹn ni kó o gbájú mọ́. Tó o bá ń ka ìpolówó, fo orúkọ ẹ̀, lọ síbi tí wọ́n kọ ohun tó o máa ṣe lójoojúmọ́ sí. Tó o bá rí wọ̀n, tú, so, dán wò níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni, wàá rí nǹkan kọ́. Tó bá jẹ́ ìpàdé àti ìlanilọ́yẹ̀ nìkan ló kún ibẹ̀, àwọn agbẹnusọ ni wọ́n ń wá.

Bọ̀dáSólà:
Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Èmi kàn fẹ́ sọ ti sólà torí ibẹ̀ ni gbogbo oníwáyà ń sáré lọ, wọn ò sì jayò pa, IRENA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí irú iná bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 16.2 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ nídìí iná oòrùn, atẹ́gùn, omi àtàwọn yòókù ní 2023, sólà nìkan kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù 7 nínú ẹ̀. Àmọ́ má rò pé wáyà ni wáyà o. Iná ilé tó o mọ̀, AC ni, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, léraléra ló ń bọ́ sí òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá ta pàrà ó lè kú fúnra ẹ̀. Ti pánẹ́ẹ̀lì, DC ni, ìyẹn iná tó ń gba ojú kan ṣoṣo lọ, tó bá ti mú láàárín wáyà méjì, jíjó ni á máa jó lọ.

Kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń de MC4, ìyẹn ẹnu tí wọ́n fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì pọ̀. Irin wáyà tó o bó gbọ́dọ̀ wọlé tán, pláyà tí wọ́n ṣe fún un ni kó o fi fún un, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́, kó o fà á wò, kó o wá tì í bọnú ìkejì títí á fi dún kẹ́. Má sì so ti ilé iṣẹ́ kan mọ́ ti òmíràn torí pé wọ́n wọra, ibẹ̀ ló ti ń gbóná tó ń yọ́. Fólítéèjì tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ní 25°C ni wọ́n wọ̀n ọ́n, tí òtútù bá mú á ròkè sí i, ẹni tí ò ṣírò ìyẹn ló ń jó ínfátà oníbàárà.

Alátútù:
Gbogbo yín ń sọ sólà, ẹ ò gbọ́ pé ó ní òun ń tún amúlétutù ṣe ni? Green job wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò kàn mọ̀ ni! R-410A, gáàsì tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yẹn tutù, tí kílò kan péré bá jáde sáfẹ́fẹ́, ooru tó máa fà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún á tó ti kílò 2,088 CO2, gáàsì inú èéfín. Wàá wá rí ẹni tó máa ṣí fáàfù, ṣùùù, á ní kó máa lọ, òun á gba tuntun sí i. Torí irú gáàsì yẹn ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe fẹnu kò ní Kigali, olú ìlú Rwanda, ní 2016 pé àwọn á máa dín in kù. Ní Amẹ́ríkà, o ò gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ tí gáàsì wà nínú ẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí 608 ti EPA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí àyíká.

Ohun tó kù tó o máa kọ́ ò pọ̀. Kó o mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ fa gáàsì padà sínú sílíńdà, bí wọ́n ṣe ń wá ojú ibi tó ń jò dípò kéèyàn máa gba gáàsì sí i lọ́dọọdún, àti bí wọ́n ṣe ń fi òṣùwọ̀n gba á sí i kì í ṣe ojú lásán. Kó o tún mọ R-290, gáàsì amúlétutù mìíràn, propane ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ayé gbóná àmọ́ ó ń gbaná, a kì í jó iná sí páìpù ẹ̀ tí gáàsì bá ṣì wà nínú ẹ̀.

Ṣàkíyèsí:
Ẹ rọra o. Ẹni tó ń dáná sun wáyà kó lè yọ kópà inú ẹ̀, ṣé kì í ṣe àtúnlò ló ń ṣe ni? Èéfín yẹn ló sì ń fà símú látàárọ̀ dalẹ́. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti UNEP, èyí tó ń rí sí àyíká, sọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 2008 pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dáa fún ẹni tó ń ṣe é pẹ̀lú, owó tó bójú mu, ààbò, kí gbogbo ẹ̀ pé. Béèrè ìyẹn kó o tó tọwọ́ bọ̀wé.

OníWáyà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Alátútù, mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí tiyín. Nípa ibi tó ń jò yẹn, mo rí àwọn tó ń fẹ́ ọ́síjìn sínú páìpù láti fi wá a, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Alátútù:
Háà, rárá o! Òróró kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti ọ́síjìn tó há, bọ́ǹbù ni wọ́n. Náítírójìn nìkan, pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ lórí ẹ̀, kó o wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé ẹ̀.