Ibi Tí Mo Máa Ń Fò Nínú Àdúrà Olúwa

Ìyá Aláṣọ, Abẹ́òkúta:

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Ẹni tó bá mọ ọjà wa á mọ̀ pé àwìn pọ̀ níbẹ̀. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbèsè sí: orúkọ oníbàárà, iye yáàdì, iye owó, ọjọ́ tó dá. Tó bá ti san án tán, màá fa ìlà lé e. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn wà lọ́kàn yín.

Lọ́dún 2015, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ń fi mọ́tò gbé ọkọ mi àti ọmọ mi obìnrin bọ̀ láti ibi ìkómọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà. Àbúrò mi ti mu paraga kó tó jókòó sídìí ọkọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Kobapẹ́ ló já wọ abẹ́ tírélà kan tó dúró sẹ́bàá títì láìtan iná. Àwọn méjèèjì lọ. Apá ni àbúrò mi fi ṣẹ́.

Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn kan wá kí mi, wọ́n ní "omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọkọ àti ọmọ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ló wá kù tí wọ́n ń pè ní agbè? Lóru ọjọ́ kẹta, mo ṣí ìwé gbèsè mi, mo kọ orúkọ àbúrò mi sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Mi ò kọ iye.

Mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ aṣọ ẹgbẹ́ àti ìkórè ló ń gbé mi lọ. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ yẹn mo jókòó sílé fún ọdún kan àbọ̀. Àgbà obìnrin kan tá a jọ ń tajà, ọmọ ìjọ CAC, a máa wá sí ìsọ̀ mi. Kì í wàásù fún mi rárá, aṣọ ló máa ń bá mi ká. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ń lọ sí ìṣọ́ òru, òun ò sì fẹ́ dá lọ. Mo bá a lọ torí mi ò kúkú ń sùn lóru. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún Ọlọ́run fún ìgbà àkọ́kọ́ pé inú ń bí mi sí I. Ẹ má retí ìran o, mi ò rí nǹkan kan, mi ò sì gbọ́ ohùn kankan. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, mo délé, mo sùn. Oorun yẹn ni ẹ̀rí mi àkọ́kọ́. Mo sì ń bá a lọ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n tá a bá ti dé "Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa," ẹnu mi á pa dé. Màá wá lọ dúró dè wọ́n ní "má sì fà wá sínú ìdẹwò." Màmá yẹn kíyè sí i. Ó ní, "O máa ń fo ibì kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Máa fò ó nígbà náà. Má ṣáà parọ́ fún Un." Ó lé ní ọdún kan tí mo fi fò ó.

Lọ́dún 2018, Màámi ránṣẹ́ pè mí, wọ́n gbé agolo mílíìkì kan síwájú mi. Owó ló kún inú rẹ̀. Àbúrò mi ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló ń rù ní Ṣágámù, ó sì ń fi owó yẹn ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Màámi ò lè fún mi, wọn ò sì lè dá a padà fún un. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo bí. Ibo ni kí n gbé e sí?"

Mo lọ Ṣágámù. Bó ṣe rí mi ló dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn, kò dìde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò látinú mọ́tò sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé o ti jẹun?" A jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ kan, kò gbójú sókè. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni mo tó sọ pé mo ti dárí jì í. Ká sòótọ́, àsansílẹ̀ ni mo san lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì ń san ìyókù. Mo délé, mo fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìbínú tún dé. Mo ṣí ìwé náà wò. Ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Òṣogbo:

Màmá, ẹ kú ìrójú. Ìyàwó mi kú sórí ìkúnlẹ̀, àwọn ìbejì yè. A pe nọ́ọ̀sì títí lóru ọjọ́ yẹn, kò dá wa lóhùn. Wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé tí mi ò bá dárí jì í, àdúrà mi ò ní gbà. Bí ọ̀daràn ni mo ṣe jáde níbẹ̀. Mo gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn, Òun ló gbé mi ró tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ yìí. Ti nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò tíì débẹ̀. Èmi náà ṣì ń fò ó.

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù:

Wọ́n fi ọ̀bẹ gún ọmọ mi pa níbí lọ́dún 2009. Ìtàn Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ó di 1846 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta yín yẹn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Mo máa ń jowú ìyá yẹn, Ọlọ́run má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi, owó inú agolo yẹn ńkọ́?

Ìyá Aláṣọ, Abẹ́òkúta:

Ó wà níbẹ̀, àbúrò mi. A mú díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tá a fẹ́ sìnkú Màámi. Èmi ni mo gé aṣọ ẹbí fún àbúrò mi ọkùnrin yẹn, yáàdì márùn-ún. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé.